Orúnkún Màmá Àgbádárìgì

Mo ti ju ọjọ́ orí tí ìyá àgbà mi fi kú lọ báyìí. Ó máa ń yà mí lẹ́nu ní òwúrọ̀, nígbà tí mo bá jókòó sí ẹnu ọ̀nà, tí ẹsẹ̀ ń ro mí, tí n kò sì fẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀. Mo máa ń rò ó pé bóyá báyìí ló ṣe ń ro àwọn náà, nígbà tí àwa rò pé ó kàn wù wọ́n láti máa rìn jẹ́jẹ́ ni. Àwọn ọmọ mi kò mọ̀ wọ́n. Àwọn tó mọ̀ wọ́n ti ń tán lọ. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ díẹ̀ nípa wọn, kí ojú mi tó di.

Gbogbo Djègan-Kpèvi, àdúgbò wa ní Àjàṣẹ́, ló ń pè wọ́n ní Màmá Àgbádárìgì, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti wá, láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, kí bàbá àgbà mi tó fi ọkọ̀ ojú omi gbé wọn wá sí Àjàṣẹ́ níyàwó. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì ni wọ́n lọ lọ́hùn-ún. Wọ́n mú Gẹ̀ẹ́sì wọn dé ìlú tí Faransé ti ń jọba, ó sì dà bí ìkòkò tí kò sí ààrò tó gbà á. Wọ́n gbé e sí kọ̀rọ̀. Ọdún ń gorí ọdún, kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀. Ìgbà tí a gba òmìnira, tí èmi àti ẹgbẹ́ mi wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí wọ́n ní kò sẹ́ni tí kò ní kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ìgbà náà ni àwọn òbí rántí pé ìyá kan wà ní Djègan-Kpèvi. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti Houinmè, láti Tokpota, ní ìrọ̀lẹ́, tàwọn ti ìwé kàyé lábẹ́ apá, tàwọn ti ìbẹ̀rù lójú.

Kí ẹ tó lè mọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́, ẹ ní láti mọ bí nǹkan ṣe rí fún wa ní kíláàsì. Faransé ni wọ́n fi ń ṣàlàyé Gẹ̀ẹ́sì fún wa. Nàgó, Yorùbá tiwa, la sì ń sọ nílé, Ègùn la ń sọ lọ́jà, Faransé fúnra rẹ̀ ṣì ń mú wa làágùn. Tí mùsié, olùkọ́ wa, bá bi wá ní ìbéèrè, a ó kọ́kọ́ gbé e lọ sí Faransé, a ó gbé e wálé, a ó tún gbé e padà. Kí a tó dé, aago ti lù.

Ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́ tí Màmá rí wa lẹ́nu iṣẹ́ yìí, wọ́n gbá ọwọ́ lé ọwọ́.

“Ta ló ní kí ẹ máa gba ilé Faransé kọjá kí ẹ tó dé ilé Gẹ̀ẹ́sì? Ṣé oníbodè ni?”

Láti ọjọ́ náà, wọn kò gbọ́dọ̀ gbọ́ Faransé lẹ́nu wa nínú àgbàlá. Bí ọ̀rọ̀ bá ti Nàgó tàbí Ègùn jáde, kó lọ sí Gẹ̀ẹ́sì tààrà. Ẹnu ọ̀nà tí wọ́n sì gbà mú wa wọlé ni ìkíni. Kò sí ẹ̀kọ́ fún ẹni tí kò bá tíì kí gbogbo ẹni tó wà ní àgbàlá ní Gẹ̀ẹ́sì: kí o bi wọ́n bí wọ́n ṣe sùn, kí o béèrè ará ilé, kí o béèrè iṣẹ́, kí o dúró gba èsì, kí o tún fi òmíràn lé e. Gẹ̀ẹ́sì àwọn tó ni Gẹ̀ẹ́sì kò ní ìkíni tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Màmá ní kò kan àwọn. Wọ́n rán tiwa mọ́ ọn lára.

Ìyá Ègùn kan ń ta ẹ̀kọ àkàsà lẹ́nu ọ̀nà wa. Òun náà kò bọ́. Bí a bá ti ń dé lọ́kọ̀ọ̀kan, tí a ń bi í léèrè ọmọ, tí a ń bi í léèrè ọkọ, á kígbe sínú ilé:

“Màmá, àwọn òyìnbó yín tún ti dé o! Wọ́n ti béèrè ọkọ mi tán, kò sẹ́ni tó ra àkàsà!”

“Dá wọn lóhùn,” ni Màmá á wí. “Ọmọ tó bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń kí ìyá òun láàárọ̀ ti mọ ìdajì gbogbo èdè.”

Wọn kì í jókòó nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ wa. Wọ́n á máa rìn láàárín wa, orógbó lẹ́nu, wọ́n á fi ìka kan gbé àgbọ̀n ọmọ tó bá ń sọ̀rọ̀ sí àyà sókè. Bí inú bá bí wọn, wọn kì í pariwo. Wọ́n á tú gèlè, wọ́n á tún un wé, kí wọ́n tó wé e tán ìbínú ti rọ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tí gbogbo ìjọ bá kúnlẹ̀, orí ìjókòó ni wọ́n máa ń wà, orí nìkan ni wọ́n ń tẹ̀ ba. Àlùfáà tuntun kan béèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ wọn lójú gbogbo ènìyàn. Wọ́n ní: “Orúnkún mi ló ti ṣáájú mi lọ sọ́run, bàbá. Ẹ jẹ́ kí ìyókù máa jókòó.”

Wọ́n mọ ìjà náà. Bàbá mi, tí í ṣe àkọ́bí wọn, ni wọ́n ń bá jà jù. Akọ̀wé ni bàbá mi ní bùrọ́ọ̀ ìjọba, Faransé wọn dán bí bàtà wọn, wọn kò sì rí ìkíni inú àgbàlá yìí bí ẹ̀kọ́. Mo ṣì ń gbọ́ àwọn méjèèjì.

“Màmá, ìdánwò ń bọ̀. Àwòrán ni wọ́n máa gbé síwájú àwọn ọmọ yìí, wọn ò ní béèrè bóyá ilé dára.”

“Ṣé ènìyàn ni yóò mú àwòrán náà dání àbí ògiri?”

“Ènìyàn ni, Màmá.”

“Wọ́n á kí i nígbà náà. Ẹnu tí kò kí ènìyàn, kí ló kù tó fẹ́ sọ?”

Láàárín gbogbo wa, Ràmátù ni ìkíni yìí ṣe lóore jù. Ọmọ Bàbá Ràmátù aránṣọ ni, ní Tokpota, ọmọ ilé ìmàle, òun nìkan ni ọmọbìnrin tí bàbá rẹ̀ fi sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ní kíláàsì, a kì í gbọ́ ohùn rẹ̀. Mùsié á pè é, á dìde, á máa wo orí bàtà rẹ̀ títí wọn yóò fi ní kó jókòó. Ṣùgbọ́n wọ́n ti tọ́ ọ dáadáa nílé, ó mọ àgbà kí. Nígbà tí Màmá ní ìkíni ni ká fi bẹ̀rẹ̀, ó dà bí ìgbà tí wọ́n yọ òkúta kúrò lẹ́nu ìṣàn omi. Ó ń kí ìyá alákàsà, ó ń kí bàbá mi, ó kí ewúrẹ́ wa lọ́jọ́ kan, a sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Láti inú ìkíni ló ti bọ́ sínú ọ̀rọ̀. Ó ń sọ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń rẹ aṣọ láró, bí bàbá rẹ̀ ṣe ń fi eyín já òwú. Màmá dúró, wọ́n gbàgbé orógbó sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn tí gbogbo wọn lọ: “Àkànbí, ọmọbìnrin yẹn kò yadi. Wọn ò tíì bi í ní ohun tó mọ̀ ni.”

Ìdánwò ọdún kẹrin kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí à ń pè ní bùrẹ̀fẹ́, ni ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀. Àwọn ènìyàn kan láti Pobè, oníṣòwò, ti ń wá tọrọ Ràmátù fún ọmọ wọn. Bàbá rẹ̀ ti ní kí wọ́n ní sùúrù di ìgbà tó bá ṣe bùrẹ̀fẹ́. Bó bá yege, yóò máa bá ìwé lọ. Bí kò bá yege, ilé ọkọ ni. Gbogbo wa nínú àgbàlá ló mọ̀, Ràmátù náà mọ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu wa, wọ́n pín wa sí yàrá. Ọkùnrin ará Tógò kan ni olùdánwò níbi tí mo wọ̀. Mo kí i bí wọ́n ṣe kọ́ mi, mo béèrè ará ilé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ará ilé òun wà, ó ní ó ti pẹ́ tí ẹnì kan kí òun báyìí. Lẹ́yìn náà ló gbé àwòrán sí mi níwájú. Òyìnbó Faransé kan ló wà ní yàrá tí Ràmátù wọ̀, èrò sì pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ràmátù wọlé, ó tẹ orúnkún díẹ̀, ó bi í bó ṣe sùn, ó bi í bóyá ìyàwó rẹ̀ wà ní àlàáfíà, bóyá ooru ìlú wa kò dà á láàmú. Ọkùnrin náà kò dáhùn. Ó nawọ́ sí àwòrán.

Nílé wa, bí o bá kí àgbà tí kò dá ọ lóhùn, inú ló ń bí i sí ọ. O kò lè fò ó lọ sí ọ̀rọ̀ mìíràn. O ní láti tún un kí, kí o wá bẹ̀ ẹ́. Ohun tí Ràmátù ṣe nìyẹn. Ó tún un kí, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Ọkùnrin náà wo aago ọwọ́ rẹ̀. Bóyá ó rò pé ọmọ náà há ọ̀rọ̀ kan sórí bí ayékòótọ́ ni, tí kò ní òmíràn. N kò dá a lẹ́bi. Kò sẹ́ni tó tọ́ òun náà ní Tokpota. Ṣùgbọ́n ẹnu Ràmátù pa dé, kò sì là mọ́ títí wọ́n fi ní kó máa lọ.

Mo yege. Ràmátù kò yege.

Ó wá sí àgbàlá wa ní ìrọ̀lẹ́ tí èsì jáde. Kò kí ẹnikẹ́ni.

“Màmá, mo wá dágbére fún yín ni. Bàbá mi ní ó tó gẹ́ẹ́. Àwọn ará Pobè ń bọ̀.”

“Jókòó. Sọ bó ṣe rí nínú yàrá yẹn fún mi. Má fo nǹkan kan.”

Ó sọ ọ́. Ìyá alákàsà ti dá iṣẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́. Nígbà tí Ràmátù sọ ọ́ tán, Màmá tú gèlè wọn, ṣùgbọ́n wọn kò tún un wé. Wọ́n dì í mú sí ọwọ́, irun wọn funfun báláú nínú oòrùn ìrọ̀lẹ́. Wọn kò bá òyìnbó náà wí. Wọ́n kàn ní: “Àṣé èmi ni mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ.”

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ní kí n mú ọwọ́ wọn lọ sí Tokpota. Bàbá Ràmátù wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, okùn ìwọnṣọ lọ́rùn, ọmọọ̀ṣẹ́ kan ń lọ aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

“Háà! Màmá! Ẹ̀yin fúnra yín! Ẹ káàbọ̀ o. Ìwọ, gbé àga wá fún Màmá!”

Màmá kò wo àga. Wọ́n jọ̀wọ́ ọwọ́ mi, wọ́n di etí tábìlì ẹ̀rọ mú, wọ́n tẹ orúnkún kan, lẹ́yìn náà èkejì. Ó pẹ́ kó tó kanlẹ̀. Mo gbọ́ bí egungun ṣe ké.

“Yéè! Ẹ dìde! Màmá, ẹ fẹ́ pa mí ni?”

Bàbá Ràmátù ti fò kúrò lórí àga, wọ́n ti da ojú bolẹ̀ gbalaja láàárín àjákù aṣọ, nítorí pé ẹni tí àgbà bá kúnlẹ̀ fún tó sì dúró lórí ẹsẹ̀, aráyé mọ ohun tó ń fà. Àwọn méjèèjì wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ dìde. Ìyá Ràmátù sáré jáde láti ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú ọwọ́ aró, Ràmátù lẹ́yìn rẹ̀.

“Bàbá Ràmátù! Kí lẹ fi ìyá arúgbó ṣe?”

“N kò fọwọ́ kàn wọ́n o! Bá mi gbé wọn dìde!”

“Ẹ má fọwọ́ kàn mí,” ni Màmá wí. Lẹ́yìn náà wọ́n kọjú sí aránṣọ. “Bàbá Ràmátù, ẹ jọ̀ọ́.”

Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ tí wọ́n sọ “ẹ” sí ẹni tí wọ́n lè bí.

“Ẹ jọ̀ọ́. Èmi ni mo ní kó kí i kó tó sọ̀rọ̀. Ohun tí mo ní kó ṣe ló ṣe. Bí ẹ bá ń wá ẹni tó ṣubú nínú ìdánwò yẹn tí ẹ fẹ́ fìyà jẹ, òun rè é nílẹ̀ yìí.”

“Màmá, ọmọ yín ni mí. Ẹ má fi mí ré.”

“N kò fi ọ́ ré, ọmọ mi. Ọdún kan ni mo ń tọrọ.”

“Mo ti fún àwọn ará Pobè ní ọ̀rọ̀.”

“Fún èmi náà ní ọ̀rọ̀.”

Ẹ̀rọ ti dákẹ́, ọmọọ̀ṣẹ́ ti gbàgbé irin ìlọṣọ sórí ṣòkòtò oníbàárà, a ti ń gbọ́ òórùn aṣọ tó ń jó. Kò sẹ́ni tó bá a wí. Bàbá Ràmátù gbé orí sókè láti ilẹ̀, òógùn ti lẹ okùn ìwọnṣọ mọ́ wọn lọ́rùn.

“Ọdún kan. Mo gbà, Màmá. Mo ní mo gbà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde.”

Èmi àti Ràmátù la gbé wọn. Orúnkún wọn ti bó. Bí a ṣe ń padà lọ, mo bi wọ́n bóyá ó ń dùn wọ́n. Wọ́n ní: “Ìyẹn á jiná.”

Ọ̀rọ̀ ti dé bùrọ́ọ̀ bàbá mi ká tó délé, bẹ́ẹ̀ ni Àjàṣẹ́ ṣe rí. Wọ́n dúró sí àárín àgbàlá, wọn kò tíì bọ́ bàtà.

“Màmá! Ẹ kúnlẹ̀ fún aránṣọ? Ẹ̀yin? Ojú wo ni kí n fi wo ènìyàn?”

“Orúnkún tèmi ni mo fi kúnlẹ̀. N kò yá tìrẹ.”

“Mo sọ fún yín! Mo sọ pé ìkíni kọ́ ni ìdánwò!”

“O sọ ọ́,” ni Màmá wí. “Òótọ́ lo sọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi kúnlẹ̀.”

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n wo orúnkún ìyá wọn, wọ́n sì wọlé lọ wá epo.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, mo lọ sí yunifásítì ní Dakar. Mo jókòó níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń ṣàlàyé bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ní èdè àjèjì, mo sì bọ̀wọ̀ fún ohun tí wọ́n mọ̀. Ṣùgbọ́n n kò gbọ́ lẹ́nu wọn rí ohun tí olùkọ́ yóò ṣe bí ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá ṣe ọmọ ọlọ́mọ léṣe.

Ọdún tí Màmá tọrọ yẹn ni ọdún tí wọ́n lò kẹ́yìn. Ràmátù ń wá lójoojúmọ́. Ó ṣòro fún Màmá láti sọ fún ọmọ pé kó má kí àgbà. Mo rí i bí wọ́n ṣe ń jà pẹ̀lú ara wọn. Níkẹyìn wọ́n mú un lọ sí ẹnu ọ̀nà yàrá wọn, wọ́n ní: “Ibi yìí ni kí o ti kí i, nínú ọkàn rẹ, kí o tó wọlé. Kí i tán pátápátá. Bí o bá wọlé, àwòrán nìkan ni kí o mọ̀.” Wọ́n ṣe é títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ yé ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀.

Ìgbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ ni ikọ́ mú wọn. Ẹ̀kọ́ kò dúró. Orí ibùsùn ni wọ́n wà, Ràmátù lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ń sọ ohun tó rí lójú fèrèsé ní Gẹ̀ẹ́sì: igi máńgòrò, aṣọ lórí okùn, ìyá alákàsà tó ń sá fún òjò. Ojú Màmá ti pa dé.

“Màmá, ṣé kí n dákẹ́, kí ẹ lè sùn?”

“Máa sọ ọ́ lọ. Ó dùn mọ́ mi ju oorun lọ.”

Wọ́n kú ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìdánwò. Ràmátù bá wọn sunkún nílé wa bí ọmọ inú ilé, ó sì lọ sí ìdánwò pẹ̀lú ojú wíwú. Ó ní òun kí olùdánwò lẹ́nu ọ̀nà, nínú ọkàn, bí wọ́n ṣe kọ́ òun. Ó wọlé, ó wo àwòrán, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sẹ́ni tó gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ló bá bú sẹ́kún. Kò yege lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọdún tí wọ́n tọrọ ti pé. Ẹni tó tọrọ rẹ̀ ti wà nínú ilẹ̀. A gbọ́ pé àwọn ará Pobè ti tún dé Tokpota, kò sì sẹ́ni nínú wa tó ní ẹnu láti sọ nǹkan. Ìyá alákàsà ní ká gbé ọ̀rọ̀ náà fún Ọlọ́run. Láti ọjọ́ ìsìnkú ni bàbá mi ti di ẹni tó ń jókòó nìkan ní àgbàlá ní ìrọ̀lẹ́, ní àkókò tí àwọn ọmọ máa ń dé.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Ràmátù tó gba bùrẹ̀fẹ́ rẹ̀, ó sì kàwé lọ jìnnà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló ń padà sí mi lọ́kàn. Òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ṣí ilé ẹ̀kọ́, lẹ́yìn tó kùnà lẹ́ẹ̀kejì, ni. Èmi àti bàbá mi dúró láàárín èrò lẹ́nu géètì, a rí Bàbá Ràmátù tí wọ́n ń bọ̀ nínú ẹ̀wù mímọ́, àpò ìwé ọmọ ní èjìká wọn, Ràmátù lẹ́yìn wọn nínú aṣọ ilé ẹ̀kọ́ tuntun. Kò sẹ́ni tó lọ bẹ̀ wọ́n. Bàbá mi, tí kì í bá aránṣọ sọ̀rọ̀, kọjá sọ́dọ̀ wọn.

“Bàbá Ràmátù, ẹ kú àárọ̀. Ọdún kan ni Màmá bẹ̀ yín. Ó ti pé.”

“Ó ti pé, Bàbá Àkànbí,” ni aránṣọ wí. Wọ́n gbé àpò náà gun èjìká dáadáa. “Ṣùgbọ́n bí mo bá jókòó sídìí ẹ̀rọ láàárọ̀, ìyá yẹn kò tíì dìde nílẹ̀ níwájú mi.”